Ẹ má yọ orúkọ olórin kúrò lára orin

Lọ́jọ́ ọjà ní Kétu, kò sí ibi tí èèyàn yà sí tí kò ní gbọ́ orin. Ẹni tó ń ta fóònù ń lu tirẹ̀, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ń lu tirẹ̀, ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò náà ti gbé tirẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló kọ orin yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní àwọn kò mọ̀. Wọ́n á ní inú káàdì ni àwọn ti bá a.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọlọ́jà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ lónìí nìyẹn. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe pé orin ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ló ń pa àwọn ọ̀dọ́ olórin wa lára jù. Ohun tó ń pa wọ́n lára jù ni pé orin ń rìn, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ń jábọ́ lójú ọ̀nà. Orin tó bá rìn pẹ̀lú orúkọ lè mú oúnjẹ bọ̀ wá fún ẹni tó kọ ọ́. Èyí tó bá rìn láìlórúkọ, kò sí ohun tó ń mú bọ̀.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta gàrí yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹ bá wọn gàrí tán, ẹ máa ń bu èènì lé e. Òfò kọ́ ni èènì, torí òun ló ń jẹ́ kí oníbàárà padà wá. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá wá bu gàrí yín fún èrò ọjà nígbà tí ẹ kò sí nídìí ìsọ̀, tí ẹni tó gbà á kò sì mọ̀ pé tiyín ni, èènì kọ́ nìyẹn. Olè ni. Gàrí kan náà ni, àmọ́ èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín bù, tí oníbàárà sì mọ ìsọ̀ yín, nìkan ló ń ṣe yín láǹfààní.

Àwọn tó dá àṣà kíkó orin pọ̀ sílẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní DJ Kool Herc, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, lu orin níbi àríyá tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe ní àdúgbò Bronx, ní New York, l'Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ hip hop. Rédíò kò kọ́kọ́ dá irú orin bẹ́ẹ̀ lóhùn. Nítorí náà, àwọn DJ ń gba orin àríyá sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó orin oríṣiríṣi olórin jọ sórí kásẹ́ẹ̀tì kan, lẹ́yìn náà sórí CD. Ohun tí wọ́n ń pè ní mixtape nìyẹn.

Ẹni tó bá ti gbọ́ mixtape rí á mọ̀ pé DJ kì í dákẹ́ nínú rẹ̀. Á máa pariwo orúkọ ara rẹ̀, á sì máa pe orúkọ ẹni tó ń kọrin. Ariwo náà máa ń bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ẹni tó ni ọjà. 50 Cent jẹ èrè rẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún un lọ́dún 2000, iléeṣẹ́ orin tó gbà á tẹ́lẹ̀ sì pa á tì. Kò káwọ́ lérí. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé mixtape jáde lọ́dún 2002, àwọn èèyàn sì ń bèèrè rẹ̀. Lọ́dún náà ni Eminem àti Dr. Dre fà á mọ́ra, àwo tó gbé jáde lọ́dún 2003 sì tà kárí ayé.

Ọ̀nà náà ní ẹ̀gún ṣá o. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2007, àwọn agbófinró ya wọ ibi iṣẹ́ DJ Drama àti Don Cannon ní ìlú Atlanta. Wọ́n mú àwọn méjèèjì, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún CD lọ. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n ń ta orin tí kì í ṣe tiwọn. Bẹ́ẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ orin ló ń fi orin ránṣẹ́ sí irú àwọn DJ bẹ́ẹ̀ kí olórin wọn lè di mímọ̀. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kan fúnni, wọ́n tún fi ọwọ́ kejì pe ọlọ́pàá sí i. Níbi tí kò bá ti sí àdéhùn tó ṣe kedere, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sítòsí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò tó máa ń gba Sèmè kọjá lọ sí Èkó mọ ọjà Alaba ní Òjó, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Lásìkò tí CD gbòde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ki orin ọ̀pọ̀ olórin sórí àwo kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Àwọn olórin ń bínú sí Alaba nítorí pé wọ́n ń da iṣẹ́ wọn kọ níbẹ̀ láìgbàṣẹ, ìbínú wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí rédíò kò dá lóhùn sọ Alaba di rédíò tiwọn. Àwọn kan tilẹ̀ ń sanwó fún DJ kí orin wọn lè wọ inú àkójọ náà. DJ Jimmy Jatt ní tirẹ̀ gba ọ̀nà tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pe àwọn olórin, ó kó wọn jọ sínú àwo kan tó pè ní The Definition lọ́dún 2007, oníkálukú sì gba orúkọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àsìkò yẹn náà ni ráàpù Yorùbá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lord of Ajasa ti ń fi Yorùbá ṣe é nígbà tí ọ̀pọ̀ rò pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ló yẹ orin náà. DaGrin gbé àwo CEO jáde lọ́dún 2009, Yorùbá ìgboro ló sì fi gba ìlú kan. Ìjàmbá ọkọ̀ l'Ékòó ló gbẹ̀mí rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Lọ́dún 2010 kan náà, Olamide gbé Ẹni Dúró jáde. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Rapsodi, tẹ̀lé e lọ́dún 2011. Àwọn tó fẹ́ràn orin wọ̀nyí mọ̀ pé ọwọ́ Sossick wà nínú iṣẹ́ DaGrin, wọ́n sì mọ̀ pé ID Cabasa ló ṣe Ẹni Dúró. Purodúsà ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ẹni tó ń to ìlù àti ohùn pọ̀ títí tó fi di orin. Ojú wọn kì í hàn lórí pápá, ṣùgbọ́n àwọn olórin kò jẹ́ kí orúkọ wọn sọnù, iṣẹ́ sì ń wá wọn wá.

Bẹ̀nẹ̀ náà kò jókòó lásán. Ardiess Posse àti H2O Assouka wà lára àwọn tó fìdí hip hop múlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Faransé àti Fọ̀n la sì ti ń gbọ́ ráàpù ilẹ̀ yìí jù. Àwa tó ń sọ Yorùbá ní Kétu, Pobè, Sakété àti gbogbo agbègbè òkè yìí, Èkó la máa ń kọ etí sí.

Alaba tiwa ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì lábẹ́ agbòòrùn lọ́jà. Ẹ fún un ní káàdì mẹ́mọ́rì, ó bi yín léèrè irú orin tí ẹ fẹ́, ó kó o sí i, ẹ sanwó, ẹ sì gba oko lọ. Ẹ wo inú káàdì náà nígbà tí ẹ bá délé. Nọ́ńbà ni ẹ ó bá ní ibi tó yẹ kí orúkọ wà.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe fún ọmọ Kétu tó bá ṣe orin. Ó kó owó jọ, ó wọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnú, ó sanwó sítúdíò, ó sanwó fún purodúsà. Ó fi èdè wa sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, pẹ̀lú Faransé díẹ̀ tí ilé ìwé fi sí wa lẹ́nu. Orin náà dé ọjà, ó dùn, àwọn èèyàn ń jó o. Kò pẹ́, wọ́n ń pè é ní orin Èkó. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, tí ì bá pe ọmọ náà wá kọrin, tí ì bá sì sanwó fún un, kò mọ ẹni tí yóò pè. Ọmọ náà wà ní ìrìn wákàtí kan sí i, ó ń wa alùpùpù kiri láti fi san gbèsè sítúdíò.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ ogún àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2008, orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló wà níbẹ̀, Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn sì ń pè ní orírun rẹ̀. Lóru ẹ̀fẹ̀, ẹni tó ń kọrin kì í kàn ki ẹnu bọ ọ̀rọ̀. Á júbà, á mọ rírì àwọn tó ṣáájú rẹ̀, kó tó wá sọ ohun tó ń dun ìlú. Ráàpù tó bá dára ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ó ń fi ẹ̀fẹ̀ bá ìlú wí, ó ń sọ ohun tí ẹnu àwọn mìíràn kò gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní èébú ló pọ̀ nínú orin àwọn ọmọ yìí. Nínú àwọn kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ ká mọ orúkọ. Bí ẹlẹ́fẹ̀ bá sọ ohun tí kò yẹ, ìlú mọ ẹni tí wọn yóò pè. Orin tí kò lórúkọ kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò sì sí ẹni tí yóò tijú nítorí rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ olórin náà lè bi mí pé, ṣé mo ní kí ọlọ́jà máa ta iṣẹ́ àwọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Rárá o. Òfin 2005-30 tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2006 dáàbò bo iṣẹ́ olórin ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni ín, ó sì ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dárúkọ òun lára rẹ̀. BUBEDRA ni iléeṣẹ́ tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mò ń wí ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín pinnu orin tí ẹ fẹ́ fi ṣe èènì àti èyí tí ẹ fẹ́ tà. Ẹ fi orin kan tàbí méjì sílẹ̀ fún ẹni tó ń kó káàdì, ẹ bá a ṣe àdéhùn, kí ẹ̀rí sì wà. Ẹ lọ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ kó tó dé ìgboro. Ẹ pe orúkọ yín àti ti ìlú yín sínú orin níbẹ̀rẹ̀, bí àwọn DJ ìgbà mixtape ti ń ṣe, torí ohun tó bá wà nínú ohùn kò rọrùn láti pa rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà bí orúkọ tí wọ́n kàn kọ sára orin. Kí ẹ tó sanwó fún purodúsà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó ni kí ni, kí ẹ sì dárúkọ òun náà.

Ẹ̀yin tó ń kó orin sí káàdì, ẹ má sọ pé kò sí àyè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó kọ orúkọ, òun náà ni yóò sì máa bá orin lọ sínú gbogbo káàdì tí ẹ bá kó o sí. Ẹ ya àyè kan sọ́tọ̀ fún orin àwọn ọmọ òkè Kétu. Orin Èkó wà lórí tábìlì gbogbo yín, àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ ní orin Ìlárá tàbí ti Kétu ni oníbàárà yóò máa wá lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin DJ òde àríyá, ẹ dárúkọ olórin kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé iṣẹ́ rédíò ìlú, wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ yìí kò pọ̀ jù. Ẹ̀yin tó sì ń ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, bí ẹ bá pe ọmọ kan wá kọrin, ẹ má fi àwo ìrẹsì nìkan san án. Ẹ bá a dájọ́ owó kó tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ni orin àwọn ọmọ wa ti ń rìn, ẹ̀yin lẹ sì jẹ́ àgbà ọjà. Kí ẹ tó san owó káàdì yín, ẹ ní kí ọmọkùnrin náà kọ orúkọ sí i. Bí oníbàárà mẹ́wàá bá bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kan, kí ọjà mìíràn tó pé, yóò ti máa kọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún rán an létí.