Bí A Bá Sọ Ìgbéyàwó Di Ọjà

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 29:15-35; 49:29-31

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ibi tí n ó gbà wọ inú rẹ̀ lè ya yín lẹ́nu díẹ̀. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n kọ nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Àwọn ọmọbìnrin wa ń kà á, àwọn ìyá wọn náà ń kà á. Àwọn tí kò kàwé ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, bí eré Bridgerton tó jáde ní ọdún 2020.

Àkókò tí àwọn ìwé wọ̀nyí fẹ́ràn jù ni ọdún 1811 sí 1820, nígbà tí àìsàn ọpọlọ kò jẹ́ kí Ọba George Kẹta lè ṣàkóso mọ́, tí àkọ́bí rẹ̀ sì ń ṣe adelé-ọba. Ọ̀kan nínú ìtàn tí wọ́n máa ń sọ jù ni ti ìgbéyàwó nítorí àǹfààní. Ọkùnrin kan ní oyè, ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè. Bàbá ọmọbìnrin kan lówó, ṣùgbọ́n kò ní oyè. Wọ́n fẹ́ra láìsí ìfẹ́, wọ́n ń wo ara wọn bí àlejò. Kí ìwé tó parí, ìfẹ́ á ti dé. Ẹni tó ń kà á á pa ìwé dé, inú rẹ̀ á sì dùn.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó kàwé. Ìbéèrè kan ni mo ní: bí a bá fi ìgbéyàwó ṣòwò, ṣé lóòótọ́ ni ìfẹ́ á kàn wá bá wa nílé?

Ẹ jẹ́ ká wo adelé-ọba náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1795, gbèsè ọrùn rẹ̀ tó nǹkan bí 630,000 pọ́ùn. Ó ti bá opó kan, Maria Fitzherbert, ṣe ìgbéyàwó ní ìkọ̀kọ̀ ní ọdún 1785, ṣùgbọ́n òfin ìdílé ọba kò ka ìyẹn sí. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lè bá a wá nǹkan ṣe sí gbèsè náà, ó gbà láti fẹ́ Caroline, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, láti Brunswick ní ilẹ̀ Jámánì. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan ara wọn. Bó ti kí i tán, ọtí líle ló ní kí wọ́n gbé wá fún òun. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, ó mu ọtí yó dé iwájú pẹpẹ.

Wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo, Charlotte, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1796. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pínyà. Ọmọ náà kú lẹ́yìn ìrọbí ní ọdún 1817. Nígbà tí ọkùnrin yìí jọba ní ọdún 1820, ó fẹ́ kí àwọn aṣòfin tú ìgbéyàwó náà ká, kò bọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé e ládé ní oṣù keje ọdún 1821, ìyàwó rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Westminster, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi kú. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká yára dá àwọn obìnrin ayé ìgbà náà lẹ́bi o. Kí òfin ọdún 1870 àti 1882 tó dé, ohun ìní aya di ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò rí ọkọ, tí kò sì lówó, kò ní iṣẹ́ púpọ̀ tó lè ṣe ju kó máa kọ́ ọmọ olówó nínú ilé wọn. Jane Austen, tó gbé ayé ìgbà náà, kò fi oyin bo ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé Pride and Prejudice tó jáde ní ọdún 1813, Charlotte Lucas, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Collins, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, nítorí ilé àti oúnjẹ. Yàrá ẹ̀yìn ni ìyàwó náà yàn láti máa jókòó sí, kí ọkọ rẹ̀ má baà máa wá bá a níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni Austen fúnra rẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 1802, gbà láti fẹ́ ọkùnrin kan tí yóò jogún ilé àti ilẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Kò fẹ́ ẹnikẹ́ni títí tó fi kú ní ọdún 1817.

Nítorí náà, olùfẹ́, ohun tó burú nínú irú ìgbéyàwó yìí kì í ṣe pé ìfẹ́ gbígbóná kò sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa àgbà ni wọ́n fi ọkọ fún, tí ilé wọn sì tòrò. Ohun tó burú ni kí ènìyàn fi ẹnìkejì ṣe kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Bí àpótí bá ti ṣí, kí ni a tún ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe? Ìwọ tó fẹ́ fẹ́ ènìyàn nítorí ìwé ìgbélùú, tàbí nítorí ipò bàbá rẹ̀, tó sì ń pe ìfẹ́ lẹ́nu fún un, iwájú Ọlọ́run lo ti fẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bíi Lábánì, tó fi òkùnkùn bo ojú àna rẹ̀, tó sì fi ọmọ ara rẹ̀ ra iṣẹ́ ọdún méje.

Ṣùgbọ́n ìwọ tó ti wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Wo Léà. Bíbélì kò sọ fún wa pé Jákọ́bù pàpà fẹ́ràn rẹ̀ bí inú ìwé ìtàn. Ohun tó sọ ni pé Olúwa rí i. Nígbà tó bí Júdà, ìyìn Olúwa ló gba ẹnu rẹ̀, láti ìran Júdà yìí ni Jésù sì ti wá. Nígbà tí Jákọ́bù sì ń kú lọ, ibi tó sin Léà sí ló ní kí wọ́n sin òun náà sí. Ẹni tí a fi ẹ̀tàn gbé wọlé kì í ṣe ẹni ìgbàgbé lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Àdúrà: Olúwa, má ṣe jẹ́ kí a fi ọmọ ẹnìkejì wa ṣe ọjà. Bojú wo ilé tí ìfẹ́ kò sí, kí o sì kọ́ wa láti máa fẹ́ràn ara wa lójoojúmọ́ nínú òtítọ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.