Ọ̀rọ̀ Odò Ọ̀ṣun Kan Àwa Ọlọ́jà

Kí UNESCO tó kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sílẹ̀ ní 2005, èèwọ̀ àwọn baba wa ló ti ń ṣọ́ ọ: a kì í gégi níbẹ̀, a kì í ṣọdẹ, a kì í pẹja. Ṣùgbọ́n omi ọ̀hún ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ pé ká má mu ún. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò lẹ́bi, a ò ní dákẹ́ sí wọn. Àwa náà ńkọ́? Ta ló ń ju ọ̀rá píọ́wọ́tà sí gọ́tà kí òjò gbé e lọ sódò? Ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun kẹ̀, owó la máa ń pa! Látọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbọ̀n ìdọ̀tí tirẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí ewé.