Ẹ̀rí Ni Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ó ti di àṣà wa ní Àgọ́-Àrẹ níhìn-ín pé kí a tó so yìgì, a óò kọ́kọ́ béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ àti ìyàwó. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó kọ́ èmi gan-an lọ́gbọ́n. Tọkọtaya kan mú ìwé wá: ọkọ jẹ́ AA, ìyàwó jẹ́ AS. A so yìgì, a ṣe àdúà, a jẹ, a mu. Nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kí àkọ́bí wọn gbádùn, ilé ìwòsàn ńlá kan tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò. AS ni àwọn méjèèjì. Ọmọ wọn jẹ́ SS, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì ni ó ń bá a jà. Mo béèrè ìwé lọ́jọ́ yìgì, ṣùgbọ́n n kò béèrè ẹni tí ó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ẹ̀rí ni ìwé àyẹ̀wò. Dókítà kò fi ojú rí inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ìwé náà bá wí ni ó fi ń kọ oògùn. Ṣẹ̀ríà wa kì í sì í gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ ìwà àti òye rẹ̀. Nínú Súúrà Al-Isrā, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ́ wa, nínú hádíìsì tí Abū Dāwūd kọ sílẹ̀, pé ẹni tí ó bá ń woni sàn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́.

Àwọn aṣíwájú wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ọdún 931, nígbà tí aláìsàn kan kú ní Baghdad nípa àṣìṣe oníṣègùn, Hálífà al-Muqtadir pàṣẹ pé kí oníṣègùn kankan má ṣe ṣiṣẹ́ mọ́ àfi ẹni tí Sinān ibn Thābit bá dán wò. Àwọn tí ó jókòó fún ìdánwò náà lé ní 800. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín, nígbà náà, pé àṣà òyìnbó ni ìwé àṣẹ.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2003 ni ó gbé irú iṣẹ́ Sinān yìí lé Ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní MLSCN lọ́wọ́, ní ti àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, tí ó ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, tí ó ń bẹ àwọn ilé àyẹ̀wò wò, tí ó sì ń ṣọ́ àwọn oògùn tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ AMLSN yàtọ̀ sí i: àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ni ó ni ẹgbẹ́ yìí. Ohùn irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa dún ketekete bí ọ̀rọ̀ bá di ti owó oṣù, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí alágbàṣe yẹ fún owó ọ̀yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá mọ ayédèrú láàrin iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì dákẹ́, ti fi ẹ̀rí pamọ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ojú lásán. Àyẹ̀wò wẹ́rẹ́ kan wà tí ó lè fi hàn pé S wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ya AS kúrò lára SS. Ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yà wọ́n. Ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára, èsì tirẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣiyèméjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí AS bá fẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS.

Ẹnìkan lè wí pé: bí a bá ti àwọn ilé àyẹ̀wò kéékèèké pa, níbo ni tálákà Àgọ́-Àrẹ yóò gbà? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Owó ọkọ̀ lọ sí Ṣakí nìkan tó oúnjẹ ọjọ́ méjì fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, títì ilẹ̀kùn kò tó. Kí Ìgbìmọ̀ àti ẹgbẹ́ náà dé Òkè-Ògùn, kí wọ́n tọ́ ẹni tí ó ṣeé tọ́ sọ́nà, kí wọ́n sì lé ayédèrú lọ. Kí àwa náà rán àwọn ọmọ wa lọ kọ́ ìmọ̀ yìí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀ranyàn àpapọ̀ ni lórí ìjọ, bí kò bá sì sí ẹni tí ó gbé e, gbogbo wa ni a jẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ọdún tí a wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó fọwọ́ sí èsì yín. Ẹ tún un ṣe ní ibòmíràn kí ẹ tó dá ọjọ́ yìgì. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwé méjì láti ilé àyẹ̀wò méjì ni èmi yóò máa gbà.

Kí Ọlọ́hun fún ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àlàáfíà, kí Ó sì forí jì wá fún ohun tí a kò béèrè. Āmīn.