Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Lọ́wọ́ Mùsùlùmí

Ní Jerúsálẹ́mù, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ̀pọ̀ Kristẹni gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n sin Jésù sí, kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ìdílé Mùsùlùmí méjì ni. Ìdílé Joudeh ló ń pa á mọ́, ìdílé Nuseibeh ló ń fi í ṣílẹ̀kùn. Irin gbọọrọ ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tì bọ àpò ṣòkòtò.

Àwọn JP wa, ìyẹn àwọn Kristẹni tó ti rìnrìn-àjò ìjọsìn débẹ̀, á ti rí àkàbà kékeré kan lábẹ́ fèrèsé òkè. Ó ti lé ní igba ọdún tó ti wà níbẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tó jọ ń lo ṣọ́ọ̀ṣì náà ò gbọdọ̀ gbé e kúrò bí àwọn yòókù ò bá fọwọ́ sí i. Kristẹni sí Kristẹni nìyẹn o! Ní 2008, àwọn mọ́ńkì Àméníà àti ti Gíríìkì lu ara wọn nínú ilé náà.

Wọ́n ní nígbà tí Kálífà Umar, olórí àwọn Mùsùlùmí, gba Jerúsálẹ́mù, àwọn Kristẹni ní kó kírun nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ó kọ̀. Ìta ló ti kí tirẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà sọ ibẹ̀ di mọ́ṣáláṣí. Ta ló fẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ Umar ò lágbára?

Nílé wa níbí, ní Òṣogbo, lóṣù kẹjọ ọdọọdún, Arugbá á gbé igbá Ọ̀ṣun kọjá lójú títì. Bí Mùsùlùmí bá lè tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ó wá ṣòro fún ẹni tí kò bọ Ọ̀ṣun láti pa ẹnu mọ́ títí yóò fi kọjá?