Ẹ Pa Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Yín Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé-Kéú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá afẹ́fẹ́, tí kò sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú àti ẹ̀yin ìjọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kò jìnnà. Ẹnu géètì wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ti ń ṣe àdúà ìparí ẹ̀kọ́, ọkọ̀ àwọn òbí, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà á ti tò síta, ẹ́ńjìnì gbogbo wọn á sì máa ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọdé á dúró láàárín wọn. Ẹ rántí pé imú ọmọ ọdún 4 sún mọ́ salẹ́ńsà ju imú àgbàlagbà lọ. Bí àwa olùkọ́ bá ti fèrèsé tó kọjú sí títì, ooru á mú wa. Bí a bá ṣí i, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó wà nínú èéfín yìí? Epo tí kò jóná tán nínú ẹ́ńjìnì a máa di èérún dúdú kéékèèké, irú èyí tí ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé ìdáná. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì gbígbó ń jó ń dá kún un. Imí-ọjọ́ inú epo, pàápàá inú dísù, náà ń di eruku lójú afẹ́fẹ́. Èyí tó burú jù ni èyí tí ojú kò rí: bí a bá to nǹkan bí 30 nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ju fífẹ̀ irun orí kan lọ. Irun imú kò lè dá a dúró. Ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣe ọkàn níjàǹbá, ó sì ń há èémí mọ́ ẹni tó ní asimá láyà.

Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 èèyàn ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí. Láti Ìkọ̀tún dé Ìgándò, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìdímù, dánfó, kọ̀rọ̀pẹ̀ àti tòkúnbọ̀ tó ti gbó ni wọ́n pọ̀ jù lójú pópó. Nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, ọkọ̀ kò lọ, ṣùgbọ́n èéfín ń lọ. Ilé Ìfowópamọ́ Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní 2020. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú pa tó 11,200 èèyàn ní ìpínlẹ̀ Èkó ní 2018, pé àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5, àti pé ìrìnnà ọkọ̀ wà lára olórí ohun tó ń fà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àrùn ìlú òṣì ni. Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún 9 tó ní asimá, ń gbé nítòsí títì ńlá kan ní London. Ó kú ní 2013. Ní December 2020, òṣìṣẹ́ tí ń ṣèwádìí ikú kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé afẹ́fẹ́ tí èéfín bà jẹ́ wà lára ohun tó pa á.

Àwọn kan á ní kádàrá ni. Bí kádàrá bá tó, kí ló dé tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn wọn lálẹ́? Àwọn awakọ̀ á ní oúnjẹ ni àwọn ń wá, epo wọ́n, ọ̀nà kò dára. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìjọba náà ní ẹjọ́ jẹ́. Ní 2020, àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò pé láti January 2021, imí-ọjọ́ inú epo tí à ń kó wọlé kò gbọdọ̀ ju 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ jẹ́ kí á máa bi àwọn tí a dìbò fún léèrè ibi tí àdéhùn náà dé. Kí àwọn VIO sì máa wo èéfín ọkọ̀ bí wọ́n ti ń wo ìwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ni ó ń fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lẹ́nu géètì wa. Àwa ni. Gbogbo ọmọ ilé-kéú ló mọ̀ pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Ẹ̀gún àti òkúta nìkan ha ni ìnira bí? Nítorí náà, ẹni tó bá wá mú ọmọ, kí ó pa ẹ́ńjìnì kí ọmọ tó jáde. Ẹni tí salẹ́ńsà rẹ̀ ń tú èéfín dúdú, epo kò jóná tán nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀. Bí ó bá sì rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Kí ó tètè rí mẹkáníìkì. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ibùdókọ̀.

Àwa olùkọ́ kò yọ ara wa sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa tó wà lábẹ́ fèrèsé àwọn ọmọ kékeré, a ti pinnu láti gbé e lọ sí ẹ̀yìn ọgbà. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan wo tirẹ̀ náà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń mí.

Kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí, kí Ó sì fún wa ní agbára láti ṣe ohun tí a mọ̀. Àmín.