Ọmọ Tiwa Ni Kí Ó Wọ Aṣọ Wa

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú sáà tó kọjá, àwa náà jókòó láàárín àwọn òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀bà-Ilé, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń bá àwọn àlejò láti Àkúrẹ́ figagbága nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, eré tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà karùn-ún nìyẹn ní sáà kan náà tí wọn yóò fìdí rẹmi. Kí eré tó dé ìdajì, ayò àwọn àlejò ti ju ìlọ́po méjì tiwa lọ. Bàbá kan tó jókòó níwájú wa dìde, ó pariwo mọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kí ó yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìyá kan dá a lóhùn pé àwọn ọmọ gan-an ni ọ̀lẹ. Ọmọkùnrin kan tó ga fíofío, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí pápá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tún dé ọwọ́ rẹ̀, ó jù ú nù bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìdùnnú ló yẹ ìwé àjọ̀dún, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbá kan wà níwájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí a óò dìbò lé lórí ní ìpàdé gbogbogbòò ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún yìí. Àbá náà ni pé kí a fi owó tí a ti dá jọ fún eré ìdárayá wá ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ti mọ eré náà dunjú láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, kí a máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n wá wọ aṣọ wa, kí ife ẹ̀yẹ lè padà wálé. Kí a sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà níbẹ̀ lọ. Àwọn tó mú àbá náà wá kì í ṣe ẹni tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n sì ti náwó sí i ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Síbẹ̀ a lòdì sí àbá náà, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí ọjọ́ ìbò tó dé.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí eré yìí ti ṣẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni ni wọ́n ti bí i, ẹni tó sì dá a sílẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti kọ́ ọ. James Naismith, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn ìjọ Presbyterian ní Montreal ní ọdún 1890. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá ọdún 1891, ó ti di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn YMCA ní Springfield, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òtútù ti lé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọlé, ara wọn kò sì balẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Luther Gulick, fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ó fi wá eré tí wọn yóò lè ṣe nínú ilé láìṣe ara wọn léṣe. Ó kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè ní apá méjèèjì gbọ̀ngàn, ó kọ òfin mẹ́tàlá sílẹ̀, ó sì pín àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjìdínlógún sí ọ̀nà méjì.

Nínú òfin mẹ́tàlá náà, èyí tó wú wa lórí jù ni pé ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e sáré. Ibi tó ti gbà á gan-an ni kí ó ti jù ú. Ẹ wo iṣẹ́ tí òfin yẹn ń ṣe. Bó ti wù kí ọmọ kan lágbára tó, kò lè dá lọ. Dandan ni kí ó gbé ojú sókè wo ibi tí ẹlòmíràn wà. Lóòótọ́, nígbà tó yá, wọ́n gba eléré láàyè láti máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí ó ti ń lọ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò eré náà kò yí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wàásù lórí ìwé àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ara kan tó ní ẹ̀yà púpọ̀, yóò mọ̀ pé Naismith kò ṣèṣì kọ irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin yìí kan náà lọ sí yunifásítì Kansas ní ọdún 1898, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ìgbà 55 ni ikọ̀ rẹ̀ borí, ìgbà 60 ni wọ́n pàdánù. Nínú gbogbo àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí yunifásítì náà ti ní láti ìgbà náà wá, òun nìkan ṣoṣo ni ìpàdánù rẹ̀ ju ìborí rẹ̀ lọ. Ẹni tó dá eré sílẹ̀! Ká ní Ọ̀bà-Ilé ló ti ṣe iṣẹ́ yẹn ni, àwọn kan nínú wa ì bá ti kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, Forrest Allen tí wọ́n ń pè ní Phog, ló wá di akọ́ni níbẹ̀ fún sáà mọ́kàndínlógójì. Ikọ̀ rẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní ọdún 1952. Naismith kò fojú rí i; ọdún 1939 ló ti kú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí a máa fìdí rẹmi títí láé, a kò sì sọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá wa kò ní àléébù. Àwọn ọmọ márùn-ún kan náà ló máa ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí wọn yóò fi máa mí hẹlẹhẹlẹ, nígbà tí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ń ka ẹyẹ lórí igi. Àwọn ọmọ JSS kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni ìgbáradì máa ń gbóná, lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ a tún rọlẹ̀. A ti sọ èyí fún un lójúkojú, ó sì gbọ́ wa pẹ̀lú sùúrù. Ṣùgbọ́n òun náà bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ni, kíláàsì mẹ́fà ló ń kọ́, kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ kan lé owó oṣù rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù méjì ló wà fún ọmọ mọ́kànlélógún, ọ̀kan nínú rẹ̀ ń yọ afẹ́fẹ́. Irin tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí ní apá ìlà-oòrùn pápá ti tẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó ní, èwo nínú wọn ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ rí? A kò rí èsì fọ̀.

Àwọn kan sọ fún wa pé ọmọ tó bá ti di ọdún mẹ́rìndínlógún láìmọ eré náà ti pẹ́ jù. Kí wọ́n ka ìtàn Hakeem Olajuwon. Ọmọ Èkó ni, Mùsùlùmí ni, Muslim Teachers College ló lọ, a kò sì ní tìtorí ìyẹn kọ̀ láti kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, èyí tí à ń pè ní handball, ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti dàgbà tó àwọn ọmọ wa wọ̀nyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dé yunifásítì Houston ní ọdún 1980, odindi sáà kan ni kò fi gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje, ìgbáradì ni wọ́n fi í sí. Ní àsìkò ìsinmi, àgbà eléré kan, Moses Malone, gbà á mọ́ra, ó ń bá a fà á, ó ń tì í kiri lábẹ́ àwọ̀n títí ó fi mọ bí a ti ń dúró. Ikọ̀ yunifásítì rẹ̀ dé àṣekágbá ní ọdún 1983, ayò méjì péré ni wọ́n fi pàdánù. Wọ́n tún dé ibẹ̀ ní ọdún 1984, wọ́n tún pàdánù. Ẹgbẹ́ Houston Rockets tó gbà á lẹ́yìn ìyẹn ti borí nínú eré 14 péré nínú 82 ní sáà 1982 sí 1983. Ọdún 1994 ni òun àti wọn tó gba ife, wọ́n sì tún gbà á ní ọdún 1995. Ẹ kà á: ọdún mẹ́rìnlá láti ìgbà tó ti gúnlẹ̀ sí Houston. Àwa ń bínú nítorí sáà kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa, D'Tigress. Ní ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Tokyo ní ọdún 2021, eré mẹ́ta ni wọ́n gbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n pàdánù. Ní ọdún 2022, ìjọba fa Nàìjíríà yọ kúrò nínú ìdíje àgbáyé nítorí ìjà àwọn alákòóso. Kí wọ́n tó yí ọkàn padà, wọ́n ti fi Mali rọ́pò wọn nínú ìdíje ife àgbáyé. Ní ọdún 2023, wọ́n fi Rena Wakama ṣe olórí akọ́ni, obìnrin tó ti wọ aṣọ Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù yìí fúnra rẹ̀. Wọ́n gba ife Áfíríkà ní Kigali lọ́dún náà. Ní Paris, lọ́dún 2024, wọ́n borí Ọsirélíà pẹ̀lú ayò 75 sí 62, wọ́n borí Kánádà pẹ̀lú 79 sí 70, wọ́n sì di ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kù ní Òlíńpíìkì. Amẹ́ríkà ló dá wọn dúró.

Ọ̀rẹ́ wa kan já wa ní koro lórí èyí. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ eré, nítorí náà Nàìjíríà pàápàá ń yá eléré lò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára, a sì ronú lé e lórí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Èsì wa ni pé ọmọ wa ni wọ́n níbikíbi tí wọ́n bá gbé dàgbà, kò sì sí ẹni tí wọ́n gba àyè rẹ̀ lọ́nà àbòsí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ṣì ń dùn wá. Ìdí tí a fi ń wá wọn lọ sókè òkun ni pé pápá tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa nílé ń hu koríko. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá tún wá ń ra ọmọ tí ẹlòmíràn tọ́, ta ni yóò máa tọ́ ọmọ?

Ó ku ohun kan tí a kò bá fẹ́ fi pamọ́ títí di ọjọ́ ikú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ọdún 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, àwa náà wà nínú ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀rẹ́ wa kan wà, a jọ ń sùn nínú yàrá kan náà. Láti Fọ́ọ̀mù Kìíní ló ti ń jí sáré yí pápá ká kí agogo tó lù. Aṣọ rẹ̀ ní nọ́ńbà 9 lẹ́yìn. Nígbà tí àṣekágbá ku ọjọ́ mẹ́ta, àwọn àgbà mú ọmọkùnrin méjì wá láti ibòmíràn, wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa rárá. Wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ wa bọ́ aṣọ rẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn. Ó bọ́ ọ. Òun ló gbé omi fún wọn lọ́jọ́ náà, òun ló di bàtà wọn mú. Wọ́n gbàdúrà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwa sì ṣe Àmín. A borí. A gbé ife náà lé orí, a kọrin láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́.

Kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nígbà tí ọdún parí, ó lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbòmíràn. Kò wá sí ìpàdé akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ rí. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, a pàdé níbi òkú àgbà kan ní ìlú Oǹdó. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Oyè iṣẹ́ wa ló fi pè wá, kì í ṣe orúkọ tí a ń pe ara wa nínú yàrá ọjọ́sí. Ó ní, “Ẹni Ọ̀wọ̀, ṣé ife yẹn ṣì wà níbẹ̀?” Ó wà níbẹ̀. Ó wà nínú àpótí onígíláàsì ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìpẹtà ti ń jẹ ìdí rẹ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò gbà á láti sọ.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí owó náà lọ sórí irin tó tẹ̀, sórí bọ́ọ̀lù méjìlá, sórí owó ọkọ̀ àti ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ ìṣirò yẹn kí ó lè lọ gba ìwé ẹ̀rí akọ́ni, kí ó sì máa rí nǹkan díẹ̀ gbà lóṣooṣù. Kí àwọn ọmọ JSS 1 bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Kí a fún un ní ọdún mẹ́ta gbáko láìkọ lẹ́tà. Bí ó bá fìdí rẹmi ní ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì, kí ẹ̀yin òbí jọ̀wọ́ jókòó, kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó bá fi bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá sọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí a wí yẹn, lẹ́yìn tí ọkọ̀ àwọn àlejò ti lọ, tí àwọn òbí ti túká, ọmọ gíga náà kò lọ sílé. Akọ́ni dúró tì í lábẹ́ àwọ̀n, ó ń fi bí wọ́n ti ń gbé ẹsẹ̀ hàn án. Wọ́n ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹni tó sanwó fún wákàtí yẹn.

Ìbò náà yóò wáyé lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́. A óò na ọwọ́ wa lòdì sí àbá náà, a sì bẹ̀ yín kí ẹ bá wa nà án. Ní ti ọ̀rẹ́ wa ọjọ́sí, a ti kọ̀wé pè é sí àjọ̀dún. Títí di ìgbà tí a fi ń fi àpilẹ̀kọ yìí ránṣẹ́ sí olóòtú, kò tíì fèsì.