Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ń Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òtítọ́ òwe yìí hàn kedere nínú ètò Google Summer of Code, èyí tí ilé-iṣẹ́ Google dá sílẹ̀ ní ọdún 2005. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó lé ní 400 ni wọ́n mú ní ọdún náà, kí wọ́n fi ìsinmi ìgbà ooru ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ní àǹfààní láti kà, láti lò àti láti tún ṣe. 4,500 dọ́là ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú ń gbà nígbà náà. Láti ọdún 2022, a ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú.

FreeBSD wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí ó kópa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò tí ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà ni. Ọdún 1993 ni ó bẹ̀rẹ̀, láti ara iṣẹ́ tí a ti ṣe ní Yunifásítì California ní Berkeley. Òun ni Netflix ń lò lórí àwọn ẹ̀rọ tí ó fi ń pín fíìmù káàkiri ayé. Nítorí náà, àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kọjá ohun tí a ó kàn fi gègé pupa fà lórí ìwé. Ó lè da iṣẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí rú. Ìdí nìyí tí olùtọ́nà fi ń ka ohun tí ó kọ, tí ó ń tọ́ka sí àléébù rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì padà lọ tún un ṣe. Kódà, ẹni tí ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ẹ̀tọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi iṣẹ́ kún ètò náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lábẹ́ àgbà tí yóò máa fọwọ́ sí i.

Àwọn kan lè sọ pé owó ni ó ń fa àwọn ọ̀dọ́ lọ síbẹ̀. Ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n owó kì í sọ òpè di ọ̀mọ̀ràn. Iṣẹ́ gidi àti ojú àgbà ni ó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nílé àgbẹ̀dẹ: ọkọ́ tí ọmọṣẹ́ bá rọ, oko ni ó ń lọ, bí kò bá mú, àgbẹ̀ yóò dá a padà, ọ̀gá yóò sì dúró tì í títí yóò fi rọ èyí tí ó mú.

Síbẹ̀, ètò náà ní àbùkù tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni ó ń wọ inú FreeBSD. Ìsinmi a parí, owó a wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ a padà sí ẹnu ẹ̀kọ́ rẹ̀, iṣẹ́ a sì wà lẹ́nu ọ̀nà láìsí ẹni tí yóò gbé e wọlé. Máàkì nìkan kò tó láti fi díwọ̀n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé, ta ni ó ń lò ó, ta sì ni ó ń tọ́jú rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kan àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Alábòójútó tí ó yọjú sí kíláàsì akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ó kọ máàkì, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, kò tíì tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó lọ sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ìdánwò kò yàtọ̀ sí ọkọ́ tí kò dé oko. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn aláró tàbí ahunṣọ jọ, kí olùkọ́ rẹ̀ bá a yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò, kí àwọn ọmọ ọdún tí ń bọ̀ gbà á ṣe síwájú, kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì rí i kà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí àgbà bá tètè gbé ojú kúrò, tí ọmọdé sì tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò, ta ni yóò kọ́ ilé náà parí?